Bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ fẹ́sípà náà kí o tó sanwó

Àbúrò mi, o béèrè bóyá táyà kékeré tí fẹ́sípà àtijọ́ ń lò lè gba ojú ọ̀nà Ìbàdàn, láti Àpáta dé Bódìjà, lójoojúmọ́. N óò dé orí táyà, ṣùgbọ́n pẹpẹ tí ìwọ yóò máa gbé ẹsẹ̀ lé ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Fẹ́sípà kò ní férémù lọ́tọ̀ bí ọ̀kadà ṣe ní in. Corradino D'Ascanio, ẹni tí ó ya iṣẹ́ rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ Piaggio ní Ítálì kí wọ́n tó gbé e jáde ní ọdún 1946, onímọ̀ ẹ̀rọ bàálù ni, awo irin tí a tẹ̀ tí a sì jó pọ̀ ni ó fi mọ ọ́n, tí ó fi jẹ́ pé ara rẹ̀ náà ni egungun rẹ̀. Èmi kò mọ èyí nígbà tí mo ra fẹ́sípà tèmi, irú tí wọ́n ń pè ní PX, tí ọ̀dà rẹ̀ ń kọ mànà. Mẹkáníìkì tí mo mú dání, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní ọ̀gá, gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnì nìkan, ó ní kí n sanwó. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó yẹ̀ ẹ́ wò kò tilẹ̀ dìde lórí àga kí ó tó fọwọ́ sí ìwé. Ní oṣù kẹta, bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láti Mápó, mo tẹ búréèkì ẹ̀yìn, pẹ́dàlì rẹ̀ sì bá pẹpẹ tí wọ́n dè é mọ́ rì lọ sísàlẹ̀. Bí kì í bá ṣe búréèkì iwájú tí ó wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ìsọ̀ ẹlẹ́lùbọ́ kan ni ǹ bá wọ̀ lọ. Nígbà tí wẹ́dà ká rọ́bà orí pẹpẹ náà, ìwé ìròyìn àti póòtì tí wọ́n fi ń dí ihò ara mọ́tò ni ó bá níbi tí irin ti dípẹtà tán. Agbọ́n ni Vespa túmọ̀ sí ní èdè Ítálì. Tèmi ta mí dáadáa. Nítorí náà, mú òòfà dání lọ, nítorí pé kò ní lẹ̀ mọ́ ibi tí wọ́n fi póòtì dí.

Má sì gbà fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ní kí o da epo nìkan sí i: bí kò bá ní táǹkì ọ́ìlì tirẹ̀, lítà 5 epo gba mílílítà 100 ọ́ìlì tóó-sítírókù, èyí tí a ń pò mọ́ epo, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò nọ́ọ̀kì. Jíà ọwọ́ òsì kò le, ọ̀sẹ̀ kan ti tó.

Ní ti táyà, ínṣì 10 ni ti PX, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn sì lè gba ipò ara wọn. Bí ó bá jò, tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ dànù pátápátá kí o tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì tí ó so ìlàjì rímù méjèèjì pọ̀, kí ó má baà fò lù ọ́ lójú. Yóò gba ọ̀nà Àpáta sí Bódìjà bí o bá ń rọra. Lọ́jọ́ tí òjò bá bo kòtò, wọ mọ́tò.