Ilé Làbọ̀ Sinmi Oko: Kí Ni Aba Jẹ́ fún Ẹni Tó Ń Gbé Ibẹ̀?

Ọmọ Ìbàdàn kan tó ń gbé òkè òkun ló béèrè ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní bàbá bàbá òun gbé ní aba kan lọ́nà Akànràn láti ìgbà ọ̀dọ́ títí tó fi darúgbó, ibẹ̀ ló sì ti bí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Síbẹ̀, bí wọ́n bá bi í pé níbo ni ilé rẹ̀, agboolé kan ní àárín Ìbàdàn ló máa ń dárúkọ. Bó bá sì ń múra láti wọ ìlú, á ní, "Ilé làbọ̀ sinmi oko." Ìbéèrè náà ni pé kí ni òwe yìí ń sọ gan-an, ṣé aba kì í ṣe ilé ni, báwo lèèyàn sì ṣe lè mọ ìtàn irú ibi kékeré bẹ́ẹ̀ tí kò sí nínú ìwé kankan.

Lónìí, ẹni tó ń ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀ ló máa ń pa òwe yẹn jù, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìrìn láti ilé sí oko ni lẹ́nu àwọn tó ni ín. Ìlú wọn ní ilé, ó sì ní oko, ẹnì kan náà ló ni méjèèjì. Ọkùnrin kan lè ní yàrá ní agboolé baba rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, kó tún ní ilé alámọ̀ nínú igbó tó jìn tó ìrìn wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ọ̀nà àárín ibi méjèèjì yìí ló ń rìn láti kékeré títí dé ọjọ́ ikú. Bàbá bàbá yín kò purọ́, kò sì kórìíra aba. Ó ń sọ bí ayé rẹ̀ ṣe tò ni.

Oríṣi oko méjì làwọn àgbẹ̀ ń sọ. Oko etílé ni èyí tó sún mọ́ ìlú, tí èèyàn ń lọ láàárọ̀, tó ń bọ̀ nírọ̀lẹ́. Oko ẹgàn ni èyí tó jìn wọ inú igbó kìjikìji, tí kò ṣeé lọ kó ṣeé bọ̀ lójúmọ́. Oko ẹgàn ló bí aba. Ẹni tó bá ṣán irú oko bẹ́ẹ̀ á kọ́kọ́ kọ́ ahéré, kí òjò má baà pa á, kó lè rí ibi dáná, kó sì rí ibi kó iṣu sí. Bí ìyàwó àti ọmọ bá wá bá a, ahéré di ilé alámọ̀. Bí àbúrò, ọ̀rẹ́ tàbí ìwọ̀fà bá kọ́ tiwọn tì í, ó di aba. Aba tó bá gbèrú, tó ní ọjà, mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, tó wá ní iléèwé, làwọn èèyàn ń pè ní abúlé tàbí ìletò. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń wọnú ara wọn láti agbègbè kan sí èkejì, n kò ní í bá ẹni tó pe aba ní abúlé jà.

Ohun tí kì í yí padà ni pé aba kò dá dúró. Kò ní ọba, kò ní ààfin. Baálẹ̀ ló ń darí rẹ̀, ní Ìbàdàn sì rèé, mọ́gàjí, ìyẹn olórí agboolé tó wà nílùú, ni baálẹ̀ ń wò lójú, nítorí ìdílé mọ́gàjí náà ló ni ilẹ̀. Ìlú ni wọ́n ti ń joyè, ibẹ̀ ni ìdílé ti ń pàdé lórí ìgbéyàwó àti ogún. Bí àgbàlagbà tó lórúkọ bá kú sí aba láyé àtijọ́, wọ́n á gbé òkú rẹ̀ wọ ìlú lọ sin sí agboolé, bó ti wù kí ọ̀nà jìn tó. Ìyẹn nìkan tó láti fi yé wa ibi tí ọkàn wọn wà nígbà tí wọ́n ń pe "ilé".

Ní ti ìtàn, aba Ìbàdàn kò ṣeé yà kúrò lára ìtàn Ìbàdàn fúnra rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1829 làwọn jagunjagun láti Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti ilẹ̀ Ẹ̀gbá tẹ̀dó síbẹ̀. Olórí ogun kọ̀ọ̀kan gba ilẹ̀ nílùú, ó kọ́ agboolé, ó sì tún gba igbó lẹ́yìn ìlú fún oúnjẹ àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Àwọn tó tẹ̀ lé e nílùú ló tẹ̀ lé e lọ sóko. Ìdí nìyí tí a fi ń rí aba tí orúkọ rẹ̀ bá ti agboolé kan nílùú mu. Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ tó kù pẹ̀lú: ẹrú tí wọ́n kó lójú ogun ló ṣe iṣẹ́ púpọ̀ nínú oko àwọn olóyè. Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tó kú ní 1874, ní oko ńláńlá, ẹrú tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sì pọ̀. Nínú àwọn aba kan, ìran olówó àti ìran ẹrú ti fẹ́ ara wọn títí wọ́n fi di ọ̀kan. Ẹni tó bá ń wádìí ìtàn aba ní láti fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ béèrè ibi yìí, nítorí ó ṣì ń dun àwọn kan.

Ogun Kírìjì, láàárín Ìbàdàn àti àwọn Èkìtì pẹ̀lú Ìjẹ̀ṣà, bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 1886, ṣùgbọ́n ó di 1893 kí wọ́n tó tú àgọ́ ogun ká. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ti lo ìgbà èwe wọn lójú ogun padà wálé láìní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́. Láàárín àwọn ọdún yẹn náà ni kòkó ń wọ ilẹ̀ Yorùbá. Reluwé dé Ìbàdàn láti Èkó ní 1901, ẹrù oko sì rí ọ̀nà dé etíkun. Igbó tó jẹ́ pé iṣu àti àgbàdo nìkan ni wọ́n ń gbìn síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ di igbó kòkó. Kòkó sì yí aba padà ju ohunkóhun lọ, nítorí irúgbìn ọdọọdún ni iṣu, àgbẹ̀ lè wa á tán kó ṣí lọ síbòmíràn. Igi kòkó ń gba bí ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún kó tó so dáadáa, ó sì lè máa so fún ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó gbìn ín ní láti dúró tì í, ọmọ rẹ̀ á sì fẹ́ jogún rẹ̀. Bí aba ìgbà díẹ̀ ṣe di aba ìran nìyẹn.

Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló pín iṣẹ́ fún wọn. Gúúsù àti ìlà-oòrùn Ìbàdàn ni ẹgàn wà, níbi tí Olúyọ̀lé àti Ọ̀nà-Àrà wà lónìí. Lápá àríwá, lọ́nà Akínyẹlé sí Ọ̀yọ́, igbó ń fẹ́lẹ́ di ọ̀dàn, kòkó kì í fẹ́ràn ibẹ̀, ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti iṣu ló ń ṣe dáadáa. Etí omi ni wọ́n máa ń kọ́ aba sí, orúkọ rẹ̀ sì ń sọ bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, bíi Omi-Àdìó ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìdó. Igi ńlá tí wọ́n bá níbẹ̀ náà ń sọ ibi lórúkọ: Ìdí-Ayùnrẹ́, níbi tí wọ́n dá ilé ìwádìí kòkó ti orílẹ̀-èdè sílẹ̀ sí ní 1964. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣán igbó ló wọ́pọ̀ jù. Ní agbègbè Ifẹ̀ ni Aba Coker wà, ibẹ̀ náà ni Aba Ìyá Gàní wà. Inú mi máa ń dùn sí èyí ìkẹyìn yìí, nítorí a máa ń sọ ìtàn oko bí ẹni pé ọkùnrin nìkan ló wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Ifẹ̀ mú wa dé ìṣákọ́lẹ̀, ìyẹn ohun tí àgbẹ̀ tó tọrọ ilẹ̀ ń fún onílẹ̀ lọ́dọọdún. Àìsàn kan tó ń mú ẹ̀ka igi kòkó wú bẹ́ sílẹ̀ lágbègbè Ìbàdàn, wọ́n rí i ní 1944, ìjọba sì ń gé igi kòkó àwọn àgbẹ̀ lulẹ̀ nítorí rẹ̀. Ilẹ̀ ti ń gbó, igbó tuntun kò sì sí mọ́. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ṣí lọ sí Ifẹ̀ àti Oǹdó, àwọn ará Ìbàdàn, ará Ìwó, ará Ẹdẹ àti àwọn mìíràn láti ìlú ọ̀dàn, wọ́n sì tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀. Láyé iṣu, ohun tí onílẹ̀ ń gbà kò ju iṣu díẹ̀, epo tàbí itan ẹran ìgbẹ́ lọ́dún. Kì í ṣe owó ilẹ̀. Ẹ̀rí ni pé àgbẹ̀ náà ṣì mọ̀ pé ilẹ̀ ní olóhun. Nígbà tí kòkó dé, onílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba kòkó fúnra rẹ̀ tàbí owó rẹ̀, ohun tó jẹ́ ẹ̀rí tẹ́lẹ̀ sì wá ń dà bí owó orí. Àgbẹ̀ ń sọ pé òun ló gbin igi, onílẹ̀ ń sọ pé orí ilẹ̀ òun ló hù. Àwọn méjèèjì ní ẹjọ́ tí wọ́n lè rò. Ìṣákọ́lẹ̀ wà lára ohun tó ń fa èdè-àìyedè láàárín Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́, èyí tó di ìjà ní 1981, tó sì tún le gan-an láàárín 1997 sí 2000. Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sábẹ́ gómìnà, àmọ́ bí ẹ bá dé aba lónìí, ìdílé onílẹ̀ ni wọ́n ṣì ń tọ́ka sí.

Owó kòkó yìí wà lára ohun tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀ ní 1955. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ aba kò rí ọ̀nà mọ́tò tàbí omi ẹ̀rọ. Nígbà tí owó orí wá ga ju ohun tí àgbẹ̀ ń rí lọ, Àgbẹ́kọ̀yà, ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ tó kọ ìyà, dìde ní 1968, Akànràn sì wà lára ibi tó ti gbóná jù. Tàfá Adéoyè wà lára àwọn olórí wọn. Ní 1969, wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi ní Ìbàdàn láti tú àwọn ènìyàn wọn sílẹ̀, ìjọba sì padà dín owó orí kù. Bí bàbá yín bá wà lọ́nà Akànràn nígbà yẹn, kò lè ṣàìmọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá ṣì wà láyé nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ní ti iye ènìyàn, ibi tí àwọn tó ń ka orí máa ń ní ìṣòro nìyí, mo sì rò pé ohun tó ṣe pàtàkì jù ló wà níbẹ̀. Iye èèyàn inú aba kì í dúró. Nígbà ìkórè kòkó, láti nǹkan bí oṣù kẹwàá títí wọ ọdún tuntun, aba á kún, àwọn ọmọ àti ìyàwó á wá ràn wọ́n lọ́wọ́ láti fọ́ kòkó, láti sá a. Nígbà Iléyá, Kérésìmesì tàbí ọdún Òkè'Bàdàn, aba á ṣófo, ó lè ṣẹ́ ku arúgbó kan àti adìẹ. Níbo ni kí wọ́n ti wá ka irú ènìyàn yìí? Ìkànìyàn 1952 sọ pé Ìbàdàn ní ènìyàn 459,196, àwọn òyìnbó sì ń ṣe kàyéfì bí ìlú tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ṣe kún fún àgbẹ̀. Kò sí kàyéfì níbẹ̀ fún ẹni tó mọ òwe yín. Oṣù kọkànlá ni wọ́n ka orí ní 1963 àti ní 1991, àárín gbùngbùn ìkórè kòkó. Àwọn kan dúró tì kòkó wọn, àwọn mìíràn sì wọ ìlú kí wọ́n lè kà wọ́n mọ́ ilé baba wọn. Orí kan náà ni, ibi tó sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn ló sọ bóyá ará ìlú ni tàbí ará oko.

Àwọn tó wá láti ọ̀nà jíjìn náà wà níbẹ̀. Àwọn Àgàtú ń gba iṣẹ́ oko ṣe, àwọn Ìgbìrà ń gbin iṣu ní Oǹdó àti Èkìtì, àwọn Ùròbò ń kọ ẹyìn ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ti bí ọmọ tó ń sọ Yorùbá bí ẹni tí wọ́n bí sí i. Òwe náà bá àwọn náà wí, ilé tiwọn ló kàn wà ní ibòmíràn.

Nǹkan ti ń yí padà kíákíá. Wọ́n kó àwọn ará oko kúrò lórí ilẹ̀ tí wọ́n fún IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti àgbáyé tó wà ní Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967. Láti ìgbà yẹn, Ìbàdàn kò yéé fẹ̀. Aba púpọ̀ ti di àdúgbò, orúkọ wọn ṣẹ́ kù sẹ́nu kọ̀ndọ́ bọ́ọ̀sì. Wọ́n ti ta ilẹ̀ kòkó ní pulọ́ọ̀tì. Èyí dùn mí, nítorí bí wọ́n bá ti gé igi tó jẹ́ ẹlẹ́rìí ààlà, ìtàn tó so mọ́ ọn náà lọ nìyẹn.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ kọ ìtàn aba bàbá yín, ẹ má ṣe dúró de ìwé. Ẹ wá mọ́gàjí agboolé tí ó máa ń dárúkọ yẹn rí, kẹ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ta ló fún wọn ní ilẹ̀ náà, ṣé tiwọn ni tàbí wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀, fún ta sì ni. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí aba. Ẹ béèrè orúkọ odò tí wọ́n ń pọn, igi tí wọ́n fi ṣe ààlà, ọjọ́ tí wọ́n ń ná ọjà tó sún mọ́ wọn, ìlú tí ìdílé kọ̀ọ̀kan ti wá, àti ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ sin síbẹ̀ dípò kí wọ́n gbé e wọ ìlú. Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ni kẹ́ ẹ tẹ̀ mọ́ jù, torí ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sin àgbà sí aba ni ọdún tí aba náà di ilé fún wọn. Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù, kẹ́ ẹ sì dárúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ọjọ́ tí ẹ gbà á.