Ẹ Bi Wá: Wọ́n Ń Fi Mí Sílẹ̀ Níbi Ìlà

ÌBÉÈRÈ: Yamaha Banshee 350 tòkunbọ̀, alùpùpù onítáyà mẹ́rin, ni mo fi ń sá eré ìje. Tí eré bá ti gbóná, mo máa ń lé àwọn èèyàn bá, àmọ́ tí wọ́n bá ti ju àsíá báyìí, ẹni mẹ́rin márùn-ún á ti máa da eruku sí mi lójú kí n tó kúrò lójú kan. Mẹkáníìkì mi ní kí n ra sàlẹ́ńsà eré ìje, kí n sì gbẹ́ sílíńdà. Owó ọwọ́ mi ò tó nǹkan. Èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe? (Òǹkàwé láti Mọ́níyà, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ fi owó yín sápò ná. Ẹ́ńjìnnì tó ń lé èèyàn bá lẹ́yìn kọ́nà kìíní kì í ṣe ọ̀lẹ. Agbára rẹ̀ ni kò dé ilẹ̀ lásìkò, ohun tó sì wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ilẹ̀ ò ju kílọ́ọ̀ṣì, jíà, ṣéènì, táyà àti bí ẹ ṣe jókòó lọ. Sàlẹ́ńsà eré ìje tiẹ̀ lè dá kún ìṣòro yín, torí púpọ̀ nínú wọn máa ń fi agbára kún ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń sáré gan-an, wọ́n á sì yọ lára ti ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ yẹn lẹ sì ti ń gbéra.

Ikùn ńlá tó wà lára sàlẹ́ńsà tú-sítíróòkù (ẹ́ńjìnnì tó ń jó epo tí a po ọ́ìlì mọ́) kì í ṣe fún ariwo. Ìgbì èéfín tó jáde máa ń kọlu ìdí sàlẹ́ńsà, á padà wá, á sì ti epo tuntun tó fẹ́ sá jáde padà sínú sílíńdà kí ẹnu ihò tó dí. Ìgbì yìí kì í bá àsìkò mu àfi tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré dé ìwọ̀n kan. Bí eré rẹ̀ bá já wálẹ̀ kúrò níbẹ̀, ó dákú nìyẹn. Ẹni tó bá já kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ já a wálẹ̀. Iṣẹ́ kílọ́ọ̀ṣì níbi ìlà ni kó máa yọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí táyà yóò fi bá ẹ́ńjìnnì.

Èyí tí kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín ló kọ́kọ́ yẹ. Ẹ jókòó síwájú títí itan yín yóò fi gbá táǹkì epo mú, kí àyà yín wà lókè ọwọ́ alùpùpù, kí ìgúnpá gbé sókè, kí ẹsẹ̀ méjèèjì sì wà lórí ìtẹsẹ̀. Ìka méjì péré ni kó wà lórí ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ó bá ku díẹ̀ kí wọ́n ju àsíá, ẹ tú u sílẹ̀ títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n lára pé ó ti fẹ́ gbá a mú, ẹ dá a dúró síbẹ̀. Ẹ má tètè ṣe bẹ́ẹ̀ o, torí péètì, àwọn àwo pẹlẹbẹ inú kílọ́ọ̀ṣì, á gbóná. Ẹ fún un níná kó máa dún lóhùn kan ṣoṣo. Ẹni tó ń fún un níná, tó tún ń dín in, àsíá lè já bọ́ nígbà tí ohùn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ṣí, ẹ tú ìyókù kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ láàárín ìwọ̀n gígùn alùpùpù méjì sí mẹ́ta. Bí imú bá gbé sókè, ẹ fi ìka méjì yẹn fa kílọ́ọ̀ṣì díẹ̀. Ẹ má dín iná. Dídín iná níbẹ̀ ló ń pa ọ̀pọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ eré.

Ilẹ̀ wa níbí pupa, ó le, yangí wẹ́wẹ́ sì máa ń wà lójú rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí òfin eré bá gbà á, ẹ fi bàtà gbá eruku àti òkúta kúrò níwájú táyà ẹ̀yìn méjèèjì, ó kéré tán mítà kan, kí rọ́bà lè kan ibi líle.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tú kílọ́ọ̀ṣì palẹ̀. Ẹ kó àwọn péètì onírin sórí gíláàsì tó nípọn, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n ti tẹ̀. Èyí tí fíílà (irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo) 0.2 mm bá lè wọ abẹ́ rẹ̀ ti kúrò ní èyí tí à ń lò. Èyí tó ṣì tẹ́jú ṣùgbọ́n tó ń dán bíi dígí, ẹ fi sánpépà ha á yíká títí ojú rẹ̀ yóò fi di ràkọ̀ràkọ̀. Àwọn péètì onífáíbà tó bá ti jóná, òórùn wọn nìkan á sọ fún yín. Ẹ pààrọ̀ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì rẹ àwọn tuntun sínú ọ́ìlì di ọjọ́ kejì kí ẹ tó dè wọ́n. Ẹ fi ìka pa ẹsẹ̀ igbá kílọ́ọ̀ṣì, ìyẹn igbá tí àwọn péètì ń wà nínú rẹ̀. Bí péètì bá ti gé ihò sí i, kílọ́ọ̀ṣì á máa gbá mú gìrìgìrì dípò kó rọra wọlé. Ẹ fi fáìlì ha ibi tó ṣe gbágungbàgun yẹn níwọ̀nba, lọ́gbọọgba yíká. Bí ihò bá ti jìn, igbá mìíràn ló kù.

Sípíríǹgì tó le díẹ̀ ni nǹkan kìíní tí a lè ní kí ẹ ná owó lé lórí. Tí ó bá mú kí ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì wúwo jù fún yín, ẹ fi líle kan, ti ilé iṣẹ́ kan, ní tẹ̀léra-tẹ̀léra, bí iye wọn bá pín sí méjì, kí agbára wọn lè dọ́gba yíká. Àwọn kan ń fi wáṣà sábẹ́ sípíríǹgì àtijọ́. A ò fọwọ́ sí i: bí sípíríǹgì bá fún pọ̀ tán, péètì ò ní lè ṣí dáadáa.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ́ìlì pẹ̀lú. Ọ́ìlì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan ní kẹ́míkà tó ń mú nǹkan yọ̀, kílọ́ọ̀ṣì tó rì sínú ọ́ìlì kò sì fẹ́ ìyẹn. Ní ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ Àràrọ̀mí, Àgọ́dí Gate, ẹ wo ara ike fún JASO MA, àmì pé ọ́ìlì náà bá irú kílọ́ọ̀ṣì yìí mu, kí ẹ tó sanwó.

Táyà ẹ̀yìn: afẹ́fẹ́ 4 sí 6 psi tó. Géèjì fọ́kánáísà tó ń wọn táyà mọ́tò ò lè ka èyí, ẹ ra géèjì kékeré ti táyà rírọ̀. Ẹ tún fi téèpù wọn yíká táyà méjèèjì. Bí ọ̀kan bá tóbi ju èkejì, alùpùpù á máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan láti ìlà, ẹ ó sì máa rò pé ọwọ́ yín ni.

ÌBÉÈRÈ: Yamaha Blaster 200, onítáyà mẹ́rin, ni tèmi. Jíà kìíní ni kí n fi gbéra ni àbí ìkejì? Ṣé kí n pààrọ̀ sipirókẹ́ẹ̀tì (irin eléyín tí ṣéènì ń yí lé) iwájú ni tàbí ti ẹ̀yìn? (Òǹkàwé láti Apẹ̀tẹ̀)

ÌDÁHÙN: Jíà kìíní lágbára, àmọ́ ó máa ń tán kíá, ẹ ó sì ní láti yí jíà níbi tí àwọn ẹlòmíràn ti ń sá. Ìkejì ń fa pẹ́, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kékeré lè dákú lórí rẹ̀. Ẹ gbé e lé ìdánwò: ẹ ri igi méjì mọ́lẹ̀ ní mítà 30 síra wọn lórí pápá tí kì í ṣe títì ọkọ̀, kí ẹnì kan fi fóònù ya fídíò. Ẹ lo kìíní, ẹ lo ìkejì, ẹ tún padà sí kìíní, ẹ̀ẹ̀marùn-ún márùn-ún, kí ẹ sì jẹ́ kí kílọ́ọ̀ṣì tutù láàárín wọn. Èyí tó yára ní ọ̀pọ̀ ìgbà ni kí ẹ mú, kì í ṣe èyí tó yára lẹ́ẹ̀kan.

Bí ìkejì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é ṣùgbọ́n tó ń wúwo, sipirókẹ́ẹ̀tì ló kàn. Ká ní iwájú jẹ́ eyín 13, ẹ̀yìn 40: ìwọ̀n rẹ̀ (ẹ fi eyín iwájú pín ti ẹ̀yìn) jẹ́ 3.08. Ẹ sọ iwájú di 12, ó di 3.33. Ẹ fi iwájú sílẹ̀, ẹ sọ ẹ̀yìn di 43, ó di 3.31. Ọ̀kan náà ni, àmọ́ ti iwájú kéré lówó jù. Ohun tí ẹ ó fi san án ni eré òkè, tí yóò dín ní nǹkan bí ìdá mẹ́tàlá kan, àti ṣéènì, tí yóò tètè jẹ torí ó ń tẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lára eyín kékeré. Tí pápá yín bá ní ọ̀nà tààrà gígùn, ẹ má ṣe é.

Tí ẹ bá ń fa ṣéènì padà, kí ẹnì kan tẹ ìdí alùpùpù mọ́lẹ̀ títí sipirókẹ́ẹ̀tì iwájú, ìdè apá tó gbé táyà ẹ̀yìn àti àárín táyà ẹ̀yìn yóò fi wà lórí ìlà kan. Ibẹ̀ ni ṣéènì ti máa ń le jù. Ó gbọ́dọ̀ ṣì dẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á fa bíárìǹ jíà bàjẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Ojú ni mo fi ń wọn ọ́ìlì sínú epo, bí àwọn ọlọ́kadà Súsúkì ṣe ń ṣe láyé ọjọ́un. Ó ń wúkọ́ tí mo bá fẹ́ gbéra. Ṣé jẹ́ẹ̀tì, ihò kékeré tí epo ń gbà nínú kabúrétọ̀, ni kí n yí? (Òǹkàwé láti Òkè-Àdó)

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì fọwọ́ kan jẹ́ẹ̀tì. Ní ìwọ̀n 32 sí 1, lítà epo 5 ń gba ọ́ìlì tú-sítíróòkù 156 ml. Fídà ọmọ tí wọ́n kọ nọ́mbà sí lára tó láti fi wọ̀n ọ́n. Bí ọ́ìlì bá kéré, pisitíìnì á gan. Bí ó bá pọ̀ jù, púlọ́ọ̀gì á dọ̀tí, epo tó ń gba inú jẹ́ẹ̀tì á sì dín kù nítorí ọ́ìlì ti gbàyè rẹ̀. Bí ìwọ̀n bá ń yí lójoojúmọ́, kò sí jẹ́ẹ̀tì tí yóò bá a mu.

Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ fóòmù tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́. Pẹtiróò máa ń jẹ gúlù ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi ọ́ìlì fóòmù pa á. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa ṣe é lẹ́yìn gbogbo ọjọ́ tí ẹ bá gùn ún. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ rẹ́ẹ̀dì (ewé pẹlẹbẹ tó ń jẹ́ kí epo wọ ẹ́ńjìnnì, tí kì í jẹ́ kó padà) lẹ́yìn kabúrétọ̀, ẹ gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Bí etí rẹ̀ bá ti ya tàbí tí kò pa dé, agbára ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì á rọ.

Tí èéfín funfun bá ń jáde, tí ọ́ìlì jíà sì ń dín láìsí pé ó ń jò sílẹ̀, síìlì ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ kílọ́ọ̀ṣì ló ti bàjẹ́. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó gun un mọ́.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n ní kí a pa ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó ju àsíá. Kíìkì mi kì í tètè mú. (Òǹkàwé láti Ìdí-Àpẹ́)

ÌDÁHÙN: Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa kí ẹ tó pa á. Ẹ fi jíà sí i, ẹ fa kílọ́ọ̀ṣì, ẹ tì í síwá-sẹ́yìn títí péètì yóò fi yọ kúrò lára wọn. Bí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ra, kíìkì á máa fa táyà. Ẹ rọra tẹ kíìkì títí ẹ ó fi kan ibi tó le, ẹ tẹ̀ ẹ́ kọjá níbẹ̀ díẹ̀, ẹ jẹ́ kó gòkè padà, kí ẹsẹ̀ yín wà lórí rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wò ó nílé bóyá alùpùpù yín ń gba kíìkì nínú jíà. Bí kò bá gbà á, jíà ọ̀fẹ́ (niútírà) ni kó wà, kí ẹsẹ̀ òsì sì ti wà lórí jíà.