Ẹ Bi Wá: Milkweed Tó Kọ̀ Tí Kò Hù

Ẹ kú iṣẹ́ o. Baltimore la wà. Mo gbin èso milkweed, ewéko olóje funfun tí ọmọ labalábá monarch ń jẹ, sínú ìkòkò lóṣù Karùn-ún torí àwọn labalábá náà, mò ń bomi rin ín lójoojúmọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé, ẹyọ kan kò yọjú. Ṣé òkú èso ni wọ́n tà fún mi ni? (Ìyá Ìbejì)

Ó jọ pé oorun ni èso yín ń sùn, Ìyá Ìbejì. Ìparí ẹ̀ẹ̀rùn Amẹ́ríkà ni milkweed ń gbọn èso dànù. Èyí tó bá hù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, òtútù á pa á. Ìdí nìyẹn tí kì í fi fẹ́ hù àfi tó bá ti rí òtútù àti ọ̀rinrin pọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Fìríìjì lẹ máa fi tàn án jẹ. Ẹ rẹ tíṣù sómi, ẹ fún un títí kò fi ní ro mọ́, ẹ to èso sí i, ẹ ká a sínú ọ̀rá, ẹ kọ ọjọ́ sí i lára. Kó wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 30 ó kéré tán, kì í ṣe níbi tí omi ti ń di yìnyín o. Ẹ máa yọjú sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ó bá ti ń bu, omi ló pọ̀ jù: ẹ ṣan èso, ẹ pààrọ̀ tíṣù.

Kọ́ọ̀bù tó jinlẹ̀, tẹ́ ẹ dá lu nídìí, ni kẹ́ ẹ gbìn ín sí, torí gbòǹgbò rẹ̀ máa ń wọlẹ̀ ṣánṣán, kò sì fẹ́ ká da òun láàmú. Kí erùpẹ̀ tó bò ó má ju ìdámẹ́rin ínṣì lọ. Níbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, á yọ láàárín ọjọ́ 7 sí 14. Omi ojoojúmọ́ yẹn, ẹ dín in kù: bí ilẹ̀ bá ń tutù ṣáá, ọrùn ọ̀gbìn á jẹrà níbi tó ti kan erùpẹ̀, á sì ṣubú. Bó bá pé ewé mẹ́fà, ẹ gbé e síta sínú oòrùn.

Àmọ́ lójú tiwa, ti oṣù Kọkànlá ló rọrùn jù: ẹ ha ilẹ̀, ẹ fọ́n èso sí i, ẹ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kí òtútù bá yín ṣe ìyókù. Swamp milkweed ló dáa fún ọgbà kékeré. Common milkweed a máa ta gbòǹgbò kiri abẹ́ ilẹ̀, bó bá yá, á bá yín dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò. Ọdún kejì ni kẹ́ ẹ máa retí òdòdó tí oyin àti labalábá á wá fà mu.

Kòkòrò wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ìyeyè bo tropical milkweed mi. Oògùn wo ni kí n fín sí i? (Adé, Houston)

Ẹ má fín nǹkan kan. Oògùn tó bá pa wọ́n á pa ọmọ monarch náà, ewé milkweed nìkan sì lòun ń jẹ. Ẹ kọ́kọ́ yí ewé wò lábẹ́ bóyá ẹyin monarch wà níbẹ̀: funfun ni, ó kéré bí orí abẹ́rẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yé e. Kẹ́ ẹ wá fi omi họ́ọ̀sì gbá kòkòrò náà dànù. Èyí tó burú ju kòkòrò lọ ni pé ní Houston, tropical kì í fi bẹ́ẹ̀ kú nígbà òtútù. Àìsàn tí wọ́n ń pè ní OE, tó ń ká ìyẹ́ labalábá kò, á máa kó jọ sórí ewé rẹ̀. Lóṣù Kẹwàá, ẹ gé e kù bí ínṣì 6.

Ṣé bòmubòmu tiwa náà ni milkweed yìí? (Láti Ìsẹ́yìn)

Rárá, ẹbí ni wọ́n. Labalábá tó ń yé sórí bòmubòmu, Danaus chrysippus, ìbátan monarch lòun náà. Oje funfun igi méjèèjì burú fún ojú. Ẹ fọ ọwọ́ kẹ́ ẹ tó fi kan ojú.