Ọkọ̀ wa á dúró ní Port Said: ṣé ká sáré lọ sí Káírò?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́ndọ̀nù ni mò ń gbé. Ìyá mi, ẹni ọdún 72, ń bọ̀ láti Ìbàdàn, a sì fẹ́ jọ wọ ọkọ̀ ojú omi afẹ́ láti Gíríìsì. Àárọ̀ ló máa gúnlẹ̀ sí Port Said ní Íjíbítì, ìrọ̀lẹ́ ló máa ṣí. Ṣé ká lọ wo pírámíìdì lẹ́bàá Káírò ni, àbí ká má wulẹ̀ sọ̀ kalẹ̀? Wọ́n ní àwọn ọlọ́jà ibẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn mí.

ÌDÁHÙN: Ìwé ìrìnnà màmá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Bó bá jẹ́ ti Nàìjíríà, ẹ má gbọ́kàn lé físà Íjíbítì tí wọ́n á fún wọn ní èbúté. Ẹ bi ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà kẹ́ ẹ tó sanwó. Kí yẹ́lò káàdì wọn wà lọ́wọ́. Físà Schengen tí wọ́n fi máa wọ Gíríìsì sì gbọ́dọ̀ gbà wọ́n láyè láti wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, torí ọkọ̀ á jáde kúrò ní Yúróòpù, á tún padà.

Ní ti Káírò, ẹ fi sílẹ̀. Ó tó 200 kìlómítà: bíi wákàtí mẹ́ta lálọ, mẹ́ta lábọ̀. Orí ìjókòó bọ́ọ̀sì ni màmá máa lo ọjọ́ náà mọ́. Bó bá di dandan, bọ́ọ̀sì tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ṣètò ni kẹ́ ẹ wọ̀, torí ọkọ̀ á dúró dè é. Takisí tẹ́ ẹ bá dá háyà, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dá a dúró, ẹ̀yin lẹ máa wá ọ̀nà lé ọkọ̀ bá.

Port Said fúnra rẹ̀ tó wò. 1859 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ọ̀nà omi Suez tí wọ́n ṣí ní 1869. Ẹ wọ fẹ́rì tó ń lọ sí Port Fuad. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì pẹ́ rárá: Áfíríkà lẹ ti gbéra, Éṣíà lẹ sọ̀ kalẹ̀ sí. Ẹ jẹ́ kí màmá dúró nídìí irin ẹ̀gbẹ́ fẹ́rì, níbi táwọn ẹyẹ òkun ti ń já búrẹ́dì gbà lójú òfuurufú. Ibẹ̀ lẹ ó ti rí ilé àwọn alábòójútó ọ̀nà omi náà, olórùlé ribiti aláwọ̀ ewé. Àmọ́ ẹ má retí pé gbogbo ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ló máa gba iwájú yín kọjá o; ọ̀pọ̀ ń gba ọ̀nà kejì tó wà lẹ́yìn Port Fuad. Ẹ tètè jí lọ́jọ́ tẹ́ ẹ máa gúnlẹ̀, kẹ́ ẹ rí àwọn tó ń dúró de àyè lójú òkun.

Létí omi, pèpéle òfìfo kan wà. Ère Ferdinand de Lesseps, ará Faransé tó darí iṣẹ́ gbígbẹ́ náà, ló wà lórí ẹ̀ tẹ́lẹ̀. 1956 ni wọ́n wó o, ọdún tí Nasser, ààrẹ Íjíbítì nígbà náà, sọ ọ̀nà omi náà di ti ìjọba Íjíbítì.

Àwọn ọlọ́jà? Wọ́n á tẹ̀ lé yín lóòótọ́. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é: láyé tí ọkọ̀ ojú omi ń gbé òyìnbó lọ sí Íńdíà, àwọn onídán ibẹ̀ máa ń gun ọkọ̀ wá fi òròmọdìẹ pidán lábẹ́ ife. Ẹni tó ti ná ọjà rí ní Balógun kò ní í bẹ̀rù wọn. Ẹ ní “lā, ṣúkúràn” (rárá, ẹ ṣé), kẹ́ ẹ máa lọ. Èyí tí wọ́n bá ní ọ̀fẹ́ ni, ẹ má fọwọ́ kàn án. Bí wọ́n bá ní pọ́n-ùn márùn-ún, ẹ bi wọ́n bóyá ti Íjíbítì ni tàbí ti Gẹ̀ẹ́sì, kówó tó jáde lápò. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra àwòrán orí papyrus, ìwé àtijọ́ tí wọ́n ń fi koríko etí omi ṣe, ẹ rọra ká a wò. Èyí tó bá ń sán, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é.

Ẹ má ya sójà tàbí ibi àyẹ̀wò ní fọ́tò. Kẹ́ ẹ mú káàdì ọkọ̀ dání, kẹ́ ẹ sì ti padà ní wákàtí kan ṣáájú àkókò tí wọ́n bá dá.