Ṣé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹ agbo ilé àtijọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ilé amọ̀ bàbá wa àgbà, nínú agbo ilé kan lẹ́bàá ààfin Ọ̀yọ́, ti wó tán. Mo fẹ́ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì onípárápẹ́ẹ̀tì (ìyẹn, tí ògiri kékeré yí òrùlé rẹ̀ ká) síbẹ̀, àmọ́ àwọn àgbà ilé ní n kò gbọdọ̀ ba ojú agbo ilé jẹ́. Ṣé amọ̀ náà ni kí n tún fi kọ́ ọ ni?

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ fi búlọ́ọ̀kù yín kọ́ ọ. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Ẹ ó bu yẹ̀pẹ̀ kún ilẹ̀ yín kó lè ga kí ẹ tó da kọnkéré, ilé amọ̀ ẹ̀gbẹ́ yín á sì wà nísàlẹ̀. Párápẹ́ẹ̀tì á wá kó gbogbo òjò orí páànù jọ, á tú u jáde lẹ́nu páìpù kan ṣoṣo. Bó bá jẹ́ ìdí ògiri ẹlòmíì ló ń ta sí, á kọ́kọ́ bó sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ, lẹ́yìn náà á máa jẹ amọ̀ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ògiri á fi yẹ̀. Òrùlé tó dagẹ̀rẹ̀ sí ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí etí páànù rẹ̀ yọ kọjá ògiri dáadáa, ló bá ti àwọn yòókù mu. Òun náà ni kì í jẹ́ kí òjò àti oòrùn tètè ba ọ̀dà jẹ́. Kí ẹ da gọ́tà sábẹ́ rẹ̀ tí yóò gba omi lọ sí ojú títì.

Bó bá jẹ́ ilé ilẹ̀ ló yí yín ká, fèrèsé òkè yín á máa wo àgbàlá tí ìyálé ilé ti ń wẹ ọmọ, tí bàbá àgbà ti ń jókòó láìwẹ̀wù. Ìjà ibẹ̀ kì í tán. Bí òkè bá di dandan, ẹ fi sẹ́yìn, kó kọjú sí àgbàlá tiyín.

Bí ayàwòrán ilé bá ní kí ẹ fi kọ̀bì (ìloro olórùlé tó yọ síta lára ilé) sí iwájú ilé kó lè jọ ti àtijọ́, ẹ má gbà. Ti ọba ni kọ̀bì. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó gbòòrò ti tó fún wa.

Láàárín ọdún 1830 sí 1840 ni Aláàfin Àtìbà sọ Agọ́ Ọ̀jà di Ọ̀yọ́ tuntun, ọjọ́ sì pẹ́ tí inú ilé fi jẹ́ ibi tí wọ́n ń sin òkú sí. Nítorí náà, kí bíríkìlà tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, kí àwọn àgbà yẹn fi ojú oórì hàn yín.

Ìwé àṣẹ ìkọ́lé ńkọ́? Òfin ètò ìlú ní ẹ gbọ́dọ̀ gbà á kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ béèrè ní ọ́fíìsì tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ náà iye àyè tí wọ́n fẹ́ láàárín ilé àti títì. Bí wọ́n bá gbà fún yín, ẹ mú ògiri iwájú bá ti aládùúgbò dọ́gba. Ẹ má tìtorí ibi ìgbé-mọ́tò-sí fà á sẹ́yìn.