Ta Ló Ń Gbọ́ Bùkátà Gandhi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Gandhi tó jẹ́ pé aṣọ funfun kan ló ń ró kiri, tó ń ran òwú fúnra ẹ̀, ta ló ń sanwó gbogbo wàhálà ìjà òmìnira Íńdíà tó ń jà yẹn? Wọ́n ní olówó kan wà nídìí ẹ̀. Ṣé òótọ́ ni, kí ló sì ń wá níbẹ̀?

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni o. Mẹ̀kúnnù náà dáwó o, àmọ́ ẹni tí wọ́n ń sọ fún yín yẹn ní láti jẹ́ Ghanshyam Das Birla, ọmọ Pilani ní Rajasthan, ọdún 1894 ni wọ́n bí i. Nígbà tó ṣì kéré, alágbàtà ló ń ṣe ní Calcutta, òwò jute tí wọ́n fi ń hun àpò, ọ́fíìsì àwọn Òyìnbó ló sì máa ń lọ, wọn ò ní jẹ́ kó wọ lífítì, á fẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn dókè, tó bá débẹ̀ tán kò tún gbọdọ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn, ìdúró ló máa wà títí wọ́n á fi ráyè tiẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìwọ̀sí yẹn ló jẹ́ kóun máa dá sí òṣèlú.

Ní 1919 ló dá ilé iṣẹ́ jute tiẹ̀ sílẹ̀, owó wá ń wọlé, ó sì ń ná an fún Gandhi. Sarojini Naidu, akéwì tó bá Gandhi jìjà òmìnira, wọ́n ní ó máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé owó kékeré kọ́ ni wọ́n fi ń jẹ́ kí Gandhi rí bíi tálákà!

Ṣé torí èrè ni? Ó wà níbẹ̀ jàre, òfin ìjọba Òyìnbó ò gbe oníṣòwò Íńdíà, ó sì wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ oníṣòwò wọn, FICCI, sílẹ̀ ní 1927. Kò ṣẹ̀wọ̀n o, Jamnalal Bajaj tó jẹ́ akápò Congress, ẹgbẹ́ òṣèlú Gandhi, ló ṣe bẹ́ẹ̀, olówó bíi tiẹ̀ lòun náà. Birla ní tiẹ̀, àárín Gandhi àtàwọn Òyìnbó ló ń rìn, ó ń gbọ́ tibí ó ń gbọ́ tọ̀hún, àwọn kan ò sì fẹ́ràn ẹ̀ torí ẹ̀, èmi ò rí ohun tó burú níbẹ̀ ṣá.

Ilé ẹ̀ ní Delhi ni Gandhi wọ̀ sí gbẹ̀yìn, inú ọgbà ibẹ̀ ni wọ́n ti yìnbọn pa á ní ọjọ́ 30, oṣù kìíní, 1948, bó ṣe ń rìn lọ síbi àdúrà ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ti sọ ilé náà di mùsíọ́ọ̀mù, wọ́n to òkúta bí ìpasẹ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀ síbi tó gbà kọjá.