Ìbéèrè Yín: Fáyólìnì àti píánò kò bára mu

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ọmọ mi obìnrin ń ta fáyólìnì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń tẹ píánò. Sonata Mozart ní E minor, K. 304, ni wọ́n ń kọ́. Bí kálukú bá dá tirẹ̀ ṣe, ó dùn. Bí wọ́n bá jọ ṣe é, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kì í bá etí mu. Ta ló ń ṣì í? (Òbí kan, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ó lè máà jẹ́ ẹnì kankan nínú wọn. Ẹni ọdún 22 ni Mozart nígbà tí wọ́n tẹ orin yìí jáde ní Paris ní 1778, ó sì láyà láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láìsí kọ́ọ̀dù (ohùn mélòó kan tó ń dún pọ̀) kankan: fáyólìnì àti ọwọ́ méjèèjì lórí píánò ń kọ orin kan ṣoṣo, jẹ́jẹ́. Kò síbi tí ohùn tó yẹ̀ díẹ̀ lè sá pamọ́ sí.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ okùn wò. G, D, A àti E ni okùn fáyólìnì, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ọ̀pọ̀ máa ń gba ohùn A nìkan lára píánò, wọ́n á wá fi etí fa okùn yòókù. Bí etí ọmọ náà bá mú dáadáa, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, torí àlàfo okùn sí okùn tí etí fẹ́ràn fẹ̀ díẹ̀ ju ti píánò lọ. Kó tó dé G, okùn yẹn á ti fi nǹkan bíi cents 4 wálẹ̀ jù, E á sì fi 2 ga jù. (Cent ni wọ́n fi ń wọn gíga ohùn; 100 ló wà láàárín bọ́tìnnì píánò méjì tó fara kanra, bí a bá ka dúdú mọ́ funfun.) Kó gba okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lára píánò, pàápàá ní ọyẹ́, tí èèkàn tó di okùn mú máa ń yọ̀, kó tún un yẹ̀ wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Níbi tí orin bá ti rọlẹ̀, kó fi ìka kẹrin tẹ E òkè lórí okùn A. Okùn E tí a kò tẹ̀ máa ń dún gooro ju àwọn yòókù lọ. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dàlì, kí ohùn tó ti kọjá má baà bo èyí tó ń bọ̀. Kí wọ́n jọ ṣe bar 8 àkọ́kọ́ ní metronome 60 (ìlù ọgọ́ta ní ìṣẹ́jú kan), láìmi ìka rárá, títí ohùn méjèèjì á fi dà bí ọ̀kan.

Ní apá kejì, píánò ló ń dá bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó bá bọ́ sí E major, orin náà tutù débi pé àwọn ọmọ máa ń fà á jù, bẹ́ẹ̀ ìṣísẹ̀ ijó minuet ṣì ni. Ibẹ̀ ni kí wọ́n ti yan ìyára tó rọrùn, kí wọ́n wá gbé e padà síbẹ̀rẹ̀ apá náà.